Eyín Manol àti Kannakánná Orí Òrùlé

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Radko Chilev, olórí ìlú Lipovo, mo kí yín o. Bàbá àlùfáà, ẹ̀yin tí ẹ wọ́n omi mímọ́ sí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, tí iná sì kú kí a tó ṣe àmín, mo kí yín, mi ò sì tíì gbàgbé. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ti yára gba gbogbo ìjókòó ẹ̀bá ààrò, ẹ kú ọgbọ́n. Màmá Dona, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn yìí, tí ẹ ṣì ń fi eyín ara yín fọ́ àsálà lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, mo tẹríba. Dókítà Iskra, ọmọ mi, ìwọ tí o ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lọ́la, mo kí ọ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ti Sófíà wá, ẹ kú ọ̀nà òkè. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí rárá, tó jẹ́ pé òórùn bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì wa, ló fà yín wọlé, ẹ káàbọ̀, ó kárí.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wo ẹnu yín. Ta ló wà níbí tí mi ò tíì wo ẹnu rẹ̀ rí? Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo mọ èyí tó ń dùn yín lápá ọ̀tún, tí ẹ ń fi ọtí rákíà tàn jẹ. Mo mọ ẹni tó ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì mọ ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi nìkan ló ń rántí. Tí mo bá ń kọjá lójú pópó, bí ẹ bá ti rí mi báyìí, gbogbo yín á pa ẹnu dé. Ẹ ó ní Dókítà Stamena ń bọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ó dáa. Lónìí, èmi ni mo fẹ́ ya ẹnu, ẹ̀yin ni ẹ ó wo inú rẹ̀.

Ẹ wo Manol Chaushev níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Dona, ìyá tó bí i. Gáídà rẹ̀, fèrè alápò awọ ewúrẹ́ yẹn, wà lórí itan rẹ̀. Ìlú ló bẹ̀ ẹ́ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, kó fun gáídà sin mí jáde lẹ́nu iṣẹ́. Kò sì sí ohun tí mo fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi, nítorí ẹni tí Manol kò bá fun gáídà fún ní Lipovo yìí, bíi pé kò lọ náà ni. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ kó tó gbé e sẹ́nu. Bí ó bá gbọ́ ọ tán, tó bá ká gáídà rẹ̀ mọ́ abíyá, tó sì forí lé ilé, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Agégẹdú ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ abúlé wa lọ. Alágbẹ̀dẹ fún un ní rákíà ife kan, òun náà mu ife kan, ó ki ẹ̀mú bọ ẹnu rẹ̀, ó fa eyín yọ. Ó wò ó títí. Ó ní, “Áà, ìkejì rẹ̀ ni.” Bàbá mi ní, “Ìkejì rẹ̀ báwo?” Ó ní, “Èyí ò ṣe nǹkan kan. Ya ẹnu padà.” Ọjọ́ náà ni mo búra pé n ó kọ́ iṣẹ́ eyín, pé kí n tó fa eyín ẹnikẹ́ni, n ó ti wá gbogbo ọ̀nà tí a fi lè dá a sí. Iṣẹ́ tí mo ṣe láàárín yín nìyẹn. Eyín tí ẹlòmíì ní kí wọ́n fà dànù, èmi a ní ẹ dúró ná.

Mo ní àléébù o. Mo máa ń pariwo. Mo ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tí òwú kún ẹnu rẹ̀, n ó sì máa bínú pé kò dá mi lóhùn. Mo máa ń jẹ ṣokoléètì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kí n tó jáde wá sọ fún ọmọ yín pé ṣokoléètì ń ba eyín jẹ́. Sevda, nọ́ọ̀sì mi, ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń rà á wá.

Sevda, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi dúró lápá òsì mi. Kí n tó sọ pé kó mú ẹ̀mú wá, ẹ̀mú ti dé. Ọmọ tó bá ń sunkún, Sevda á gbà á mọ́ra. Bí mo bá sì ti yọ eyín ọmọ náà tán, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Sevda á gbé eyín, á ṣí fèrèsé, á jù ú sórí òrùlé Zahari oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀, òun àti ọmọ á jọ kígbe pé, “Kannakánná, gba eyín egungun, fún mi ní eyín irin!” Ẹkún á tán. Ìyá wa ṣe é fún wa, àwa náà ṣe é fún ọmọ wa; eyín àgbàlagbà pàápàá, Sevda kì í dá a sí. Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ ṣì ń bọ̀.

Manol, ó yá.

Ọdún kẹtàlá rèé tí o gun àga mi nítorí eyín ẹ̀gbẹ́, lápá òsì, nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Manol mọ ohun tí eyín yẹn jẹ́ fún un. Ìbaaka ti ta á nípàá lẹ́nu nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí eyín gidi kan mọ́ lápá ọ̀tún. Apá òsì ló fi ń di ọ̀pá gáídà mú, eyín kan yẹn gan-an ló sì ń gbé e ró. Ó ní, “Dókítà, bí eyín yìí bá lọ, ewúrẹ́ tí mo fi awọ rẹ̀ ṣe àpò gáídà kú lásán nìyẹn.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹran inú eyín ló ti kú. Mo lu ihò sí eyín, mo ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fọ ihò gbòǹgbò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é. Mo ń kánjú, nítorí èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níta. Mo gbọ́ “tẹ́.” Abẹ́rẹ́ dá sínú ṣóńṣó gbòǹgbò, bíńtín báyìí, kò tó hóró ìrẹsì. Mo wá a, kò yọ. Mo dí eyín náà mọ́ ọn lórí. Mo ní, “Manol, ó ti parí, máa lọ.” O fún mi ní wàràkàṣì odindi kan. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́.

Mi ò sọ fún ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì kùn. Ní ọjọ́ náà, Sevda ka abẹ́rẹ́ inú àwo, ó wò mí. Ó ní, “Ọ̀kan dín.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún un.” Mo ní lọ́la. Ẹ mọ bí lọ́la ṣe máa ń rí. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń sọ ọ́ lọ́la. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ gáídà Manol níbi ìgbéyàwó, àwọn èèyàn á máa jó, èmi á máa gbọ́ “tẹ́.” Ojú ń tì mí nígbà náà, ó ṣì ń tì mí báyìí tí mo dúró níwájú yín.

Mo rí i pé Manol kò tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó kù.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó padà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó sá odindi ápù pa mọ́ sí i. Eéwo ti yọ sí ìdí eyín, ọyún ń jáde. Ìlú ti dá ẹjọ́ tán: ẹ fà á dànù. Mo gbìyànjú láti gba orí eyín wọlé padà, abẹ́rẹ́ tó dá dí ọ̀nà. Mo wá jókòó tì í.

Mo ní, “Manol, bí ìlẹ̀kùn iwájú bá tì pa, ti ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbà. A lè la ẹran ìdí eyín, ká lu ihò kékeré sí egungun, ká gé ṣóńṣó gbòǹgbò tó bàjẹ́, ká fi sìmẹ́ńtì eyín dí ojú ibi tí a gé.”

Ó ní, “Ẹ ṣe é.”

“Dúró ná. Ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó gbòǹgbò tìrẹ gan-an ni iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára ti jáde. Bí ọ̀bẹ mi bá kàn án, ètè rẹ lè kú.”

Ó gbé ọwọ́ lé ètè. “Ètè wo? Ètè gáídà?”

“Ṣé o ní òmíì nílé ni?”

Ó ṣì di ètè náà mú. Mo ní, “Ká ní eyín ńlá ẹ̀yìn ni, tó ní ẹsẹ̀ méjì, mi ò bá gé ẹsẹ̀ tó jẹrà, kí n fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa dá gbé e. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni tìrẹ fi dúró. Ó wá ku ọ̀nà kan. Kí n fa eyín náà jẹ́jẹ́, kí n tún un ṣe lọ́wọ́ mi níta, kí n dá a padà sínú ihò rẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé mo fẹ́ yọ orí rẹ̀ lọ fọ̀. “Dókítà, ṣé ẹ ti mu nǹkan láàárọ̀ yìí?”

“Omi ni mo mu.”

“Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí?”

“Mo ti rí i ní Sófíà.”

“Èmi náà ti rí ọkọ̀ òfuurufú rí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wà á?”

Ṣùgbọ́n ó gbà. Ó gbà nítorí pé ó fọkàn tán mi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó.

Eyín tó bá kúrò nílé, ẹ̀yin èèyàn mi, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níta, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára gbòǹgbò rẹ̀ tó ń so ó mọ́ egungun. Bí awọ náà bá kú, egungun lè kọ eyín ọ̀hún lẹ́yìn ọ̀la. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fún ara mi. Oṣù kejì ni, yìnyín bo gbogbo òrùlé. Màmá Dona wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà sókè débi pé àwọn tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣe àmín.

Ẹ gbọ́ ìwà tí mo hù. Mo rán Sevda jáde. Mo ní, “Lọ bá Màmá sọ̀rọ̀, ariwo wọn pọ̀.” Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá gé ṣóńṣó gbòǹgbò, tí irin bá yọ. Mi ò tilẹ̀ sọ fún un pé mo fẹ́ dá eyín náà padà; bí kò bá ṣeé ṣe, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé mo dán an wò. Sevda rò pé fífà lásán la fẹ́ fà á.

Eyín jáde ní odindi. Mo gé ṣóńṣó rẹ̀. Irin bíńtín náà ń dán nínú rẹ̀, ó ń wò mí. Mo gbé ìgékù náà sórí aṣọ funfun, mo fi sìmẹ́ńtì dí gbòǹgbò, mo rọra gbé eyín sínú abọ́ omi iyọ̀, mo wá yíjú sí ẹnu Manol láti fọ ihò náà mọ́. Mo gbọ́ tí Sevda wọlé. Mo gbọ́ tí fèrèsé ṣí. Mo sì gbọ́ ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí etí mi kì í tiẹ̀ kà sí mọ́:

“Kannakánná, gba eyín egungun, fún un ní eyín irin!”

Mo yíjú padà. Abọ́ ṣófo.

“Sevda, eyín dà?”

“Eyín wo? Mo ti fún kannakánná.”

“Sevda! Mo fẹ́ dá a padà ni!”

“Ẹ fẹ́ dá a padà síbo?”

“Sẹ́nu ẹni tó ni ín!”

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, Manol ti dìde lórí àga. Darandaran ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ lórí àpáta. Ó gba ojú fèrèsé kọjá, tòun ti aṣọ ìdáàbòbò àyà, òwú lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ lágbọ̀n, ó bọ́ sórí òrùlé Zahari, ó ń fi ọwọ́ tú yìnyín. Kannakánná kan sì bà sórí ihò èéfín, ó ń wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Zahari jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú. Ó ní, “Manol! Má bẹ́ o! Ìyàwó rẹ kàn lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, á padà wá!” Manol fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ apàrora ti pa ẹnu rẹ̀ kú, ohun tó sọ, Ọlọ́run nìkan ló gbọ́. Zahari bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Èmi wà lójú fèrèsé, mò ń pariwo: “Má fọwọ́ kan gbòǹgbò! Orí rẹ̀ ni kí o dì mú! Fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, jẹ́ kí itọ́ bò ó!” Ó rí i! Kannakánná fò wálẹ̀, Manol ṣáájú rẹ̀. Ó ju eyín sẹ́nu, ó rá padà wọlé. Mo fi omi iyọ̀ ṣan eyín náà, mo rọra tì í wọ ihò rẹ̀, ó wọlé ṣinṣin, mo fi okùn tín-ín-rín so ó mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Nígbà tí Manol wà lórí òrùlé ni Màmá Dona wọlé. Wọ́n rí ìgékù náà lórí aṣọ funfun. Wọ́n gbé e sójú. Wọ́n ní, “Irin! Áà, kannakánná ti fún un ní irin!” Wọ́n sáré lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ. Sevda wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà, kò ní gbà ju èémí kan lọ. Mi ò sọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Lipovo ti gbọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ń ní oníṣẹ́ ìyanu ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ń fi Sevda ṣe yẹ̀yẹ́, pé, “Sevda, ṣé ebi kò pa kannakánná lónìí?” Ó ń bá yín rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ sọ fún ẹnì kan pé èmi ni mo fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ọmọ tó bá ká eyín lápá ibikíbi nílùú yìí, òrùlé Zahari ni wọ́n ń mú un lọ, nítorí ibẹ̀ ni irin ti ń jáde. Zahari, mo bẹ̀ ọ́ nítorí ojú ọ̀nà omi òjò rẹ tí eyín dí.

Kannakánná kò fún Manol ní irin o. Èmi ni mo fún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá. Manol, mo ṣẹ̀ ọ́. Kì í ṣe nítorí pé abẹ́rẹ́ dá. Mo jẹ́ kí o fara da ìrora tí mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì gba ọpẹ́ lé e. Dárí jì mí. Sevda, ìwọ náà, níwájú gbogbo ìlú, dárí jì mí. Ẹni tó bá tún bi Sevda léèrè ọ̀rọ̀ kannakánná láti òní lọ, kó kọ́kọ́ wá bi mí.

Iskra, ọmọ mi, gbọ́. Abẹ́rẹ́ máa ń dá. Á dá lọ́wọ́ tìrẹ náà, bó ti wù kí o mọ iṣẹ́ tó. Lọ́jọ́ tó bá dá, sọ ọ́ kí aláìsàn tó dìde lórí àga. Ó lè bínú, jẹ́ kó bínú. Àwọn eyín tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò wò sàn, mo ti fi ọ̀nà tí a fi lè gbà wọ́n hàn ọ́: a ń gé, a ń dí, a ń yọ, a ń dá padà. Ọ̀rọ̀ tí o bá gbé mì ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á yọ láìdunni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń lọ sílé. Mo ní ọgbà kékeré kan, ajá kan, àti ṣokoléètì tí n ó máa jẹ ní gbangba. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi eyín ara yín jẹ àgbàdo sísun títí ẹ ó fi rí ọmọ ọmọ ọmọ yín. Ìrora tí ń jí èèyàn lóru kò ní mọ ilé yín. Ẹ̀rín yín yóò dénú. Iskra, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Sevda, ìyókù ayé rẹ á tù ọ́ lára, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún béèrè ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ bí kò ṣe pé o fẹ́.

Kí lẹ wí, Màmá Dona? Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yìn lè gbọ́.

Ẹ gbọ́ o. Màmá ní, ẹni tó fi irin síbẹ̀ náà ló yọ ọ́, ẹni tó kó egungun lọ náà ló dá a padà. Kannakánná wo ni mo tún ń wá kiri? Wọ́n ní èmi gan-an ni kannakánná. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Manol ń dìde.

Ẹ fún un lọ́nà, mo ti sọ fún yín, ẹ má dá a dúró. Manol, ìlẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún... Iwájú ló ń bọ̀. Ó ń fi ọwọ́ nu ọ̀pá gáídà. Sevda, wá dúró tì mí. Ó ti gbé e sẹ́nu. Apá òsì ni, ẹ wò ó, apá òsì ló fi mú un, lórí eyín yẹn.

N ó jókòó. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manol, o ṣé. Fun ún.